Agolo Iyanrìn Mẹ́rìnlélógún

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, mo bẹ̀ ọ́, kọ́kọ́ gbọ́ ìkìlọ̀ mi. Orúkọ ẹnì kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí n kò ní kọ. Tí o bá gbé Karu, lẹ́bàá Abújá, lọ́dún 1988, tí o sì máa ń ra gààrí níbẹ̀, ó lè ṣe ọ́ bíi pé o mọ ẹni náà. Tó bá ṣe ọ́ bẹ́ẹ̀, pa ẹnu rẹ dé. Má sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ. Má sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, mi ò mọ ọ̀rọ̀ í tò, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ẹnu lè bà jẹ́.

Ó dáa. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí.

Òwúrọ̀ Jímọ̀ kan ni, ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí a ṣe Iléyá, wọ́n fa Ṣítù jáde nínú adágún Jabi. Ó ti kú. Ẹ̀wù tí mo rán ló wà lọ́rùn rẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ bí ẹ̀wù náà ṣe rí, torí òun gan-an ni ẹjọ́. Aṣọ tàpólì ni, irú èyí tí wọ́n fi ń bo ẹrù lórí ọkọ̀. Kò lápá. Àpò méjìlá wà níwájú, méjìlá wà lẹ́yìn. Agolo mílíìkì kan ni wọ́n fi ń wọn iyanrìn sínú àpò kọ̀ọ̀kan. Mo dá àyè sí àpò náà, torí wọ́n á máa fi kún un. Ẹ̀yìn ni okùn rẹ̀ wà, kí kókó má baà máa ha èèyàn láyà. Ẹlòmíì ló gbọ́dọ̀ so ó fún ọ, ẹlòmíì ló sì gbọ́dọ̀ tú u.

Sùlàímọ́nù ló ní kí n rán an. Kóòṣì ni gbogbo wa ń pè é. Dírẹ́bà ni níléeṣẹ́ kan tó ń ṣe títì, ṣùgbọ́n ó ti sáré fún àwọn ṣójà rí nígbà èwe rẹ̀. Ọ̀nà tirẹ̀ láti mú kí ẹsẹ̀ yá nìyí: kí asáré wọ ẹ̀wù iyanrìn, kó wọ omi dé ìbàdí, kó máa sáré láti òpó kan dé òpó kejì, láràárọ̀. Lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀ ni Kóòṣì ń fi kún iyanrìn. Tó bá wá ku ọjọ́ mẹ́wàá kí ìdíje bẹ̀rẹ̀, á bọ́ ẹ̀wù náà kúrò, ara asáré á wá fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ. Mo fojú mi rí i. Lọ́dún tó ṣáájú, Ṣítù sáré kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó ti lọ tán kí eruku tó dìde.

Kóòṣì ní òfin kan. Asáré kò gbọdọ̀ mọ iye agolo tó wà lọ́rùn òun. Ó ní ẹni tó bá mọ bí ohun tó rù ṣe wúwo tó, ọkàn rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ rẹ̀, kì í ṣe ẹsẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ ráhùn. Ẹni tó bá ráhùn, Kóòṣì á fi í sílẹ̀, á mú ẹlòmíì.

Fi òfin yẹn sọ́kàn.

*

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni wọ́n wá mú mi. Ṣòkòtò Iléyá kan ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́.

“Kai, Bàbá, dìde,” kọ́ńsítébù wí. “Ìwọ lo rán aṣọ tó pa èèyàn.”

Ìnsípẹ́kítọ̀ tí wọ́n mú mi lọ bá, obìnrin ni. Ìbídùnní lorúkọ rẹ̀. Kò tíì tó ogójì ọdún. Ọkọ àtọmọ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, mo gbọ́ lẹ́nu kọ́ńsítébù. Àwo oúnjẹ kan wà lórí tábìlì rẹ̀, ó fi ìwé ìròyìn bò ó, ó ti tutù. Kò mú bírò dání. Ó kàn ń wo ọwọ́ mi.

“Bàbá, ẹ jókòó. Ṣé ẹ ti jẹun?”

“Mo ti jẹ, madam.” Irọ́ ni.

“Kóòṣì ní òun lọ sí Kaduna láti Ọjọ́rú, òru àná lòun dé. Ó ní òun fi ẹ̀wù Ṣítù sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín, kí ẹ tún àpò méjì rán, kí ẹ sì wọn iyanrìn sí i. Agolo mélòó?”

“Mẹ́rìnlélógún. Ó kọ ọ́ sínú bébà fún mi.”

“Ta ló wọ̀n ọ́n?”

“Èmi ni.”

“Nígbà wo?”

“Lánàá. Ọjọ́bọ̀. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Ṣítù wá mú un nírọ̀lẹ́.”

“Ẹ̀yin nìkan?”

“Èmi nìkan. Ta ló tún kù tí mo ní?”

“Èmi náà máa ń bi ara mi ní irú ìbéèrè yẹn ní Abújá yìí,” ó wí.

Kọ́ńsítébù tẹ̀ síwájú. Ó ní Kóòṣì búra pé iyanrìn tí òun kọ kò lè ri ọmọ ọdún mẹ́wàá, ká má tíì sọ ti Ṣítù. Ó ní tó bá wá lé, a jẹ́ pé ẹni tó wọ̀n ọ́n ló pa á. Ẹ̀wọ̀n ni.

Mo gbọ́. Mo tún un sọ pé èmi ni.

*

Jàbárù ni wọ́n tún mú wọlé. Òun ló bá Ṣítù wọ omi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bíríkìlà làwọn méjèèjì, yàrá kan náà ni wọ́n ń gbé ní Kado. Ẹnì kan ṣoṣo sì ni Kóòṣì fẹ́ mú lọ sí ìdíje. Èyí ló mú kí kọ́ńsítébù máa wò ó bí ológbò ṣe ń wo ẹja.

“Ìwọ lo so okùn Ṣítù?”

“Èmi ni, sà.”

“O ta á ní kókó tí kò ṣeé tú. Ọ̀bẹ ni wọ́n fi gé e. Ó ń kú lọ, kò rí ẹ̀wù bọ́. Ìwọ lo sì máa gba ipò rẹ̀.”

Ìnsípẹ́kítọ̀ ní kí wọ́n gbé ẹ̀wù Jàbárù wá. Ó di okùn rẹ̀ mú, ó na orí rẹ̀ sí iná.

“Èyí náà, gígé ni wọ́n gé e. Ta ló so ó fún ọ?”

“Ṣítù ni, ma. Tí omi bá ti wọ okùn yẹn, ó parí nìyẹn. Láràárọ̀ la máa ń fi eyín tú u fún ara wa. Lónìí, Kóòṣì ò ní sùúrù, ó gé tèmi náà.”

Ìnsípẹ́kítọ̀ kọjú sí kọ́ńsítébù. “Tó bá jẹ́ kókó ló pa Ṣítù, kò yẹ kí eléyìí wà láàyè.” Ó padà sọ́dọ̀ Jàbárù. “Sọ bó ṣe rí.”

“À ń sáré. Ó wà lẹ́yìn mi. Òjò ọ̀sẹ̀ yìí ti sọ ìsàlẹ̀ adágún di ẹrẹ̀ rọ̀bọ̀tọ̀. Ó ní, ‘Jàbárù, Kóòṣì ti fi kún tèmi o.’ Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní tó bá ń ráhùn, kó jáde, màá gba ipò rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí mo máa bojú wẹ̀yìn, omi nìkan ni.”

“Kóòṣì ńkọ́?”

“Ó wà létí omi pẹ̀lú aago rẹ̀. Ó bẹ́ sómi. Ẹsẹ̀ Ṣítù ti wọnú ẹrẹ̀ lọ, ó ti dojú délẹ̀. Àwa méjèèjì ò rí i gbé.” Ó nu imú. “Ma, ta ni màá bá sùn ní yàrá yẹn lónìí?”

Àtìmọ́lé ni mo sùn ní tèmi. Òru gbogbo ni mo fi ń gbọ́ ọkọ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan lórí títì, ọ̀kan á kọjá, ó di ó pẹ́.

*

Lówùúrọ̀ Sátidé, wọ́n kó wa lọ sí ẹ̀yìnkùlé àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n ti sá ẹ̀wù méjèèjì sórí okùn láti àná. Òkìtì iyanrìn kan wà níbẹ̀, ìyókù èyí tí àwọn kọ́lékọ́lé fi sílẹ̀. Ìnsípẹ́kítọ̀ bọ́ bàtà rẹ̀. Ó mú agolo mílíìkì Kóòṣì jáde, ó gbé àpò kékeré kan sílẹ̀.

“Kí kálukú yín wọn agolo mẹ́ta sínú àpò yìí fún mi. Mi ò bi yín ní nǹkan kan.”

Kóòṣì ló kọ́kọ́ ṣe é. Ojú rẹ̀ ti wú. Síbẹ̀, ó yọ rúlà kékeré kan nínú àpò àyà, ó fi gé orí iyanrìn náà ní gígé, hóró kan ò lé.

Jàbárù bù ú bí ẹni ń bu iyanrìn sórí sìmẹ́ǹtì. Àkọ́kọ́ kún rékọjá, èkejì ò kún, ìdajì ìkẹta dà sílẹ̀.

Ó kàn mí. Mo fẹ́ ṣe é bí ẹni tó jẹ̀bi, ṣùgbọ́n mi ò mọ bí ẹni tó jẹ̀bi ṣe ń wọn iyanrìn. Ọwọ́ mi ló ṣe é fúnra rẹ̀. Mo fi etí àtẹ́lẹwọ́ gé orí agolo náà, bí mo ṣe máa ń gé etí aṣọ. Nígbà mẹ́ta, bákan náà.

Obìnrin náà mi orí. Ó tú ẹ̀wù Jàbárù, èyí tí Kóòṣì fúnra rẹ̀ wọ̀n ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Agolo mẹ́rìnlélógún ló jáde. Kò lé, kò dín.

Ó wá tú ti Ṣítù, àpò kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Àpò àkọ́kọ́: agolo kan, àti ẹ̀kúnwọ́ kan. Ìkejì: agolo kan, ẹ̀kúnwọ́ kan. Ìkẹta bẹ́ẹ̀. Àpò mẹ́ta, agolo mẹ́rin. Orí ìkúnlẹ̀ ni Kóòṣì ti ń kà á mọ́ ọn. Nígbà tó parí, méjìlélọ́gbọ̀n ni.

“Agolo mẹ́jọ ló lé,” kọ́ńsítébù wí. “Bàbá, o ti pa á. Ó tán.”

“Kò tíì bẹ̀rẹ̀,” Ìnsípẹ́kítọ̀ dáhùn. “Tó bá jẹ́ ìwọ lo fẹ́ pa Ṣítù, báwo lo ṣe máa ṣe é?”

“Màá rọ iyanrìn títí àpò á fi kún.”

“Wò ó. Àyè ṣì wà níbẹ̀.”

“Màá kó òkúta sí méjì mẹ́ta.”

“Kò sí òkúta. Ẹni yìí ṣe ohun kan náà nígbà mẹ́rìnlélógún, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Kò mọ̀ pé òun ń ṣe é ni. Ó wọn agolo kan, ó wá bu díẹ̀ lé e, bí ìwọ ṣe máa ń mí.” Ó fi ẹsẹ̀ tẹ iyanrìn náà pẹlẹbẹ. “Ènì ni. Ẹni tó fẹ́ pààyàn kì í fún un ní ènì.”

Kóòṣì ṣí fìlà, ó fi bojú. “Ọ̀nà tèmi ò burú,” ó ń sọ lábẹ́ fìlà. “Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mẹ́rìnlélógún ni mo kọ.”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ náà sì mọ̀ pé ó wúwo. Ó sọ ọ́. Ẹ̀yin ti kọ́ ọ pé kó má ráhùn, ni kò bá sọ ọ́ fún yín, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ fún. Ẹ máa lọ, Kóòṣì. Màá pè yín.”

Kóòṣì lọ. Kò mú rúlà rẹ̀.

Ìnsípẹ́kítọ̀ wá kọjú sí mi. “Bàbá, ọwọ́ yín kọ́ nìyí.”

“Iṣẹ́ Iléyá pọ̀, madam. Mo ń kánjú.”

“Ẹni tó ń kánjú á ṣe é báyìí, á ṣe é bọ́hùn-ún. Ẹ wo Jàbárù.” Ohùn rẹ̀ kò le. “Tẹ́lẹ̀ rí, ẹnu ni mo máa ń bi léèrè. Mo ti fi í sílẹ̀. Ọwọ́ ni mo ń bi báyìí, torí ọwọ́ ò mọ irọ́ í pa. Ta lẹ ń bò?”

Mo ní mi ò bo ẹnì kankan.

*

Ìwọ tí o ń kà á, ìwọ nìkan ni mo máa sọ fún.

Obìnrin onígààrí kan wà tí ìsọ̀ rẹ̀ kẹ̀yìn sí yàrá mi. Páànù kan ló là wá láàárín. Ìyàwó mi ti kú, àwọn ọmọ mi wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọdún kẹrin mi nìyẹn ní Karu. Kì í ṣe pé èèyàn ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ìwọ̀n ọrùn rẹ̀ ló bá wá. Obìnrin yìí nìkan ló máa ń ké sí mi láti ẹ̀yìn páànù pé, “Bàbá Télọ̀, ṣé ẹ jí?” Tí n kò bá dáhùn, á tún un pè.

Ní Ọjọ́bọ̀ náà, ọjà tú. Àwọn èèyàn ti ń wọkọ̀ lọ sílé fún Iléyá. Ó wá jókòó sórí báǹṣì mi, ó rí iyanrìn àti agolo nílẹ̀.

“Ẹ gbé nǹkan yẹn wá jàre,” ó ní, “kí ẹ ráyè gbọ́ ti àwọn oníṣòkòtò yín. Ṣé iṣẹ́ ni wíwọn nǹkan?”

Mo gbé e fún un. Mo ka mẹ́rìnlélógún fún un. Ó ń wọ̀n, ó ń sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ fún mi, pé ìyá náà ló kọ́ ọ pé agolo tó bá jáde láìní ènì, bí ẹni fi ìjà ránṣẹ́ ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí àwọn yòókù ń fún ni ní ènì lẹ́ẹ̀kan, níparí, òun máa ń bu ú lé agolo kọ̀ọ̀kan. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ nínú àpò. Ṣàà, kó wá tún ṣe ṣà kékeré. Ṣàà, ṣà. Mo gbọ́ ọ nígbà mẹ́rìnlélógún. Mi ò kà á sí nǹkan kan. Mo ń gbádùn pé ẹnì kan jókòó tì mí.

Kó tó lọ, mo ra gààrí lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò mọ̀. Ó gbọ́ pé Ṣítù kú, ó sunkún nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé ọwọ́ òun ni. Tó bá mọ̀, ẹ̀wọ̀n kọ́ ló máa pa á. Kò ní lè wọn nǹkan fún ẹ̀dá mọ́. Ìdí tí mo fi ní èmi ni nìyẹn.

*

Ìnsípẹ́kítọ̀ ní kí n wá mú aṣọ tí màá wọ̀ lọ sí kóòtù lọ́jọ́ Ajé. Òun fúnra rẹ̀ ló fi Land Rover gbé mi lọ sí Karu. O mọ títì Abújá nígbà yẹn, ó fẹ̀ bí odò, o lè wà lórí rẹ̀ títí kó o má pàdé ẹnì kan.

Ó wọ yàrá mi, ó wò yí ká. Ẹní kan, abọ́ kan, àwo kan, ṣíbí kan. Ó rí ọ̀rá tí mo so kọ́ ìṣó.

“Ẹ ra gààrí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Ní Ọjọ́bọ̀.”

“Ẹ ò tíì fọwọ́ kàn án?”

“Ibo ni mo ti ráyè, tí ẹ fi wá mú mi?”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ẹ má bínú. Agolo mélòó lẹ rà?”

“Mẹ́ta.”

Ó ti bọ́ lẹ́nu mi. Gààrí ni mo rò pé a ń sọ. Ó sọ ọ̀rá náà kalẹ̀, ó mú agolo Kóòṣì jáde nínú báàgì rẹ̀. Ó wọ̀n ọ́n lé orí àwo. Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta. Ó fi rúlà Kóòṣì gé orí rẹ̀. Ẹ̀rin.

“Ọdún kẹta mi rèé tí mo ti ń ra gààrí ní Abújá,” ó wí. “Gbogbo wọn ló ń fún ni ní ènì, ẹ̀ẹ̀kan péré, tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n tán. Mi ò tíì rí èyí tó sọ mẹ́ta di mẹ́rin rí. Àfi láàárọ̀ yìí, nínú àpò ẹ̀wù.” Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú mi. “Bàbá, ta ló ta gààrí yìí fún yín?”

Mo ń ká ọ̀rá òfìfo náà.

“Orúkọ kan péré. Mo mọ̀ pé kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, màá sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ó sùn sílé lónìí. Ẹ ó ṣe Iléyá lọ́dọ̀ àwọn ọmọ yín. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dákẹ́, ohun tí ẹ ti sọ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n máa kà ní kóòtù. Pé ẹ̀yin ni. Ẹ ò sì ní rí ẹni tó máa gbà yín.”

Mo mú àwo gààrí náà. Mo dà á sínú abọ́, gbogbo ẹ̀. Mo bu omi lé e lórí. Ó ń mu omi, ó ń wú, ó ń gòkè bọ̀. Agolo wo ló tún lè wọ̀n ọ́n?

Kò dá mi dúró. Ó kàn ń wò mí. “Ẹ gbọ́n ju bí ẹ ṣe ń ṣe lọ, bàbá,” ó wí jẹ́jẹ́. “Ṣùgbọ́n ojú mi ti rí i.”

Ìgbà náà ni ohùn dún láti ẹ̀yìn páànù.

“Bàbá Télọ̀! Ṣé ẹ̀yin lẹ dé yẹn? Mo gbọ́ ìró abọ́. Ẹ kú ewu o. Láti àná lọ́kàn mi ò ti balẹ̀.”

Ìnsípẹ́kítọ̀ yí orí sí páànù. Ó wá yí i padà sí mi, díẹ̀díẹ̀.

“Ta nìyẹn, bàbá?”

Mo mú ṣíbí. Kò sí ṣúgà, kò sí ẹ̀pà. Mo bu ìkan sẹ́nu.

“Bàbá Télọ̀?” Ohùn náà ti lọ sílẹ̀. “Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?”

Mo ń gbọ́. Obìnrin méjì ló ń dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu mi, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Mo ń jẹ gààrí mi. Mi ò dá ọ̀kankan nínú wọn lóhùn.